Orí Kẹfà: Ẹ̀sìn Nínú Ìpinnu Ìjọba

Abala 10 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò ju gbólóhùn kan ṣoṣo lọ. Ohun tó sọ ni pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Ẹni tó bá ka abala yẹn nìkan yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kan náà ló fún ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ láyè, ní abala 275, láti ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà. Òun náà ló ní kí ààrẹ àti gómìnà fi orúkọ Ọlọ́run kádìí ìbúra wọn. Lọ́dún 2006, ilé aṣòfin àpapọ̀ ṣòfin tó dá àjọ alálàájì sílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì tó ń lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ìpàdé ìjọba ìbílẹ̀ pàápàá, àdúrà ni wọ́n fi ń ṣí i. Ẹ̀sìn ti wà nínú ìjọba wa tipẹ́, kò sì jọ pé yóò jáde lọ́la. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣèlú wádìí ni ọ̀nà tí ẹ̀sìn ń gbà wọ inú ìpinnu, àti ibi tó yẹ kó ti dẹ́sẹ̀ dúró.

Ìdáhùn tí orí yìí gbé kalẹ̀ nìyí. Olóṣèlú lè rí i nínú ẹ̀sìn rẹ̀ pé òun kò gbọdọ̀ jalè, kò sí ẹni tó lè bá a wí sí i. Àlùfáà, ìmáàmù tàbí babaláwo lè dìde láàárín ìlú kó ní ohun tí ìjọba ń ṣe kò dára. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba bá fẹ́ fi òfin de gbogbo ènìyàn, tàbí tó fẹ́ ná owó gbogbo ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ ní ìdí kan tí ẹni tí kò sí nínú ẹ̀sìn yẹn lè yẹ̀ wò, tó lè bi léèrè, tó sì lè ta kò bí kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìdí tí ẹnu kan ṣoṣo lè túmọ̀ kò tó láti fi ṣèjọba. Ẹ̀rí tó gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ pọ̀, àgbà jù lọ nínú wọn sì wà nílé wa níhìn-ín.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé yíya ẹ̀sìn sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọba jẹ́ àṣà òyìnbó, pé láyé àtijọ́ ọba ni aláṣẹ èkejì òrìṣà, ohun tó bá sọ labẹ gé. Àbọ̀ òtítọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká wo Ọ̀yọ́ Ilé dáadáa. Èkejì òrìṣà ni Aláàfin lóòótọ́, síbẹ̀ ẹ̀sìn kò kó gbogbo agbára lé e lọ́wọ́. Lọ́dọọdún, Baṣọ̀run ló ń bá ọba ṣe ọdún Ọ̀run, níbi tí wọ́n ti ń da obì láti mọ̀ bóyá orí kábíyèsí ṣì ń gbè é. Bí obì kò bá yàn, Ọ̀yọ́ Mèsì lè kọ ọba. Wọn a gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i, òun náà á sì mọ ohun tó kù fún un láti ṣe. Alápìn-ín-ni ló ni àṣẹ egúngún. Àwọn Ògbóni wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n ń ṣọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì fúnra wọn, kí wọ́n má baà ṣe jù. Ifá ń sọ tirẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ọba jẹ, ṣùgbọ́n afọbajẹ ló ń jókòó yan ọmọ oyè. Ohun tó mú kí ètò náà pẹ́ ni pé àṣẹ òrìṣà pín sí ọwọ́ púpọ̀, kò sì sí ẹnì kan tó lè dá nìkan sọ pé òun ni òrìṣà ń bá sọ̀rọ̀.

Ọdún 1754 ni Gáà di Baṣọ̀run, ohun tó ṣe lẹ́yìn náà sì fi hàn wá bí ètò rere ṣe ń bàjẹ́. Agbára tí wọ́n gbé lé oyè rẹ̀ lọ́wọ́ kí ọba má baà ya òǹrorò, òun alára fi ya òǹrorò. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921, ọba mẹ́rin ló gun orí ìtẹ́ tí wọ́n sì bá ikú pàdé lábẹ́ Gáà, kí Aláàfin Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀ lọ́dún 1774. Gbogbo ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó lè sọ fún Baṣọ̀run pé irọ́ ló pa lórí orí ọba, nítorí oyè rẹ̀ ló ni iṣẹ́ náà. Àṣà tí wọ́n dá sílẹ̀ kí òrìṣà lè ká ọba lọ́wọ́ kò wá rí ẹni ká Gáà lọ́wọ́ mọ́, títí Abíọ́dún fi fi ogun mú un. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò bu òrìṣà kù. Ó kàn fi yé wa pé ibi tí a kò bá ti lè yẹ ìdí ìpinnu wò, agbára á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń túmọ̀ ìdí náà, bó bá sì jẹ́ ènìyàn burúkú, kò sí ọ̀nà àbájáde bí kò ṣe ìjà.

Ọ̀rọ̀ yìí tún padà wá sí Ọ̀yọ́ láìpẹ́ yìí. Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta wàjà ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2022. Púpọ̀ nínú Ọ̀yọ́ Mèsì fa ọmọ oyè kan kalẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ kò fọwọ́ sí i, ó ní owó ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Gómìnà Ṣèyí Mákindé kéde Ọba Akeem Owóadé, wọ́n sì sọ fún aráàlú pé Ifá ló mú un. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, Àwíṣẹ Àgbáyé, jẹ́rìí sí i ní gbangba. Àwọn kan nínú Ọ̀yọ́ Mèsì kọ̀ ọ́, wọ́n ní kì í ṣe báyìí ni òfin oyè wí. Kì í ṣe iṣẹ́ ìwé yìí láti dá ẹjọ́ oyè. Ohun tó yẹ ká kíyè sí ni irú ìbéèrè tí ilé ẹjọ́ lè gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Adájọ́ lè béèrè bóyá afọbajẹ péjọ, bóyá wọ́n dìbò, bóyá ẹnikẹ́ni gba rìbá, bóyá wọ́n tẹ̀ lé ìlànà tí ìjọba tẹ̀ jáde lórí oyè náà. Kò lè pe Ọ̀rúnmìlà wá jẹ́rìí. Bí ìjọba bá ní ẹ̀rí pé owó ba ìyànsípò àkọ́kọ́ jẹ́, ẹ̀rí yẹn ló yẹ kó síwájú, kí Ifá sì wà ní ààyè tí àṣà fi í sí láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹni tó nífẹ̀ẹ́ Ifá dénú ló yẹ kó kọ́kọ́ bínú bí olóṣèlú bá fi í ṣe ààbò ìpinnu tirẹ̀.

Ní ìjọba àpapọ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ méjì kan wà tó yẹ ká gbé síra wọn. Àkọ́kọ́ ni ti ìgbìmọ̀ tó ṣe òfin orílẹ̀-èdè láàárín ọdún 1977 sí 1978. Àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ lórí bóyá kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà ti àpapọ̀ wà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò lọ bí wọ́n ṣe fẹ́, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó lé ní 80 bínú jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1978. Síbẹ̀, nítorí pé ojútáyé ni wọ́n ti ń jà, ọ̀nà wà fún àdéhùn: Ṣàríà dúró sí ìpínlẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ogún àti irú wọn; ẹjọ́ tó bá ti ibẹ̀ jáde á lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn àpapọ̀, lọ́dọ̀ àwọn adájọ́ tó mọ òfin Ìsìláàmù. Kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn pátápátá, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú òfin wa dòní. Èkejì ni ti ọdún 1986, nígbà tí ìjọba ológun Babangida rọra sọ Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ kíkún nínú OIC, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí. Ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti gbọ́ ọ. Ebitu Ukiwe tó jẹ́ igbákejì Babangida sọ pé ìgbìmọ̀ àwọn ológun tó ń ṣèjọba kò jíròrò rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kúrò nípò. Ó ṣeé ṣe kí ìjọba ní ìdí rere, bóyá owó yíyá tàbí òwò. Wọn kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nígbà tó yẹ, ìfura tó ti ibẹ̀ jáde láàárín Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì kò sì tíì tán nílẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Àpẹẹrẹ tó lágbára jù nínú gbogbo wọn ni ti àjẹsára rọpárọsẹ̀ ní Kánò, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ wò ó. Lọ́dún 2003, àwọn aṣáájú ẹ̀sìn kan ní òkè ọya sọ pé àwọn òyìnbó ti po oògùn tó ń sọ obìnrin di àgàn mọ́ àjẹsára tí wọ́n ń kán sí ọmọdé lẹ́nu. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò gbọ́ tiwọn, ó sì dá iṣẹ́ náà dúró. Kò yẹ ká fi ẹnu tẹ́ àwọn òbí tó bẹ̀rù. Lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa ọmọ ní Kánò, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan wò lára àwọn ọmọdé níbẹ̀, 11 nínú wọn sì kú. Ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ nígbà náà. Ìbẹ̀rù wọn ní gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tó ní gbòǹgbò náà ni ìjọba ì bá fi ẹ̀rí yẹ̀ wò kíákíá, dípò kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ ìwàásù di òfin. Oṣù bíi mélòó kan kọjá. Rọpárọsẹ̀ láti Nàìjíríà tàn kálẹ̀ dé nǹkan bí 20 orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2004, Kánò tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti ra àjẹsára láti Ìndónéṣíà, orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Lọ́dún 2005, irú àrùn tó ṣẹ̀ láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dé Ìndónéṣíà fúnra rẹ̀, ó sì rọ ọmọdé lẹ́sẹ̀ níbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ìtàn yìí sọ pé kí ẹ̀sìn kúrò nílé ìjọba pátápátá ní láti ka ìyókù rẹ̀. Láti ọdún 2009, ìgbìmọ̀ àwọn ọba òkè ọya, tí Sultan Sókótó wà lókè rẹ̀, gbé iṣẹ́ àjẹsára lọ́wọ́. Ìmáàmù ń sọ ọ́ ní mọ́sálásí, àwọn emíà ń kán an sí àwọn ọmọ wọn lẹ́nu níwájú èrò. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdánidá, Nàìjíríà ló sì gbẹ̀yìn wọlé. Ẹ̀sìn ló dí ọ̀nà, ẹ̀sìn ló tún bá wọn ṣí i. Kí ló yàtọ̀? Ní ìgbà àkọ́kọ́, ìjọba gba ọ̀rọ̀ aṣáájú ẹ̀sìn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ní ìgbà kejì, yàrá àyẹ̀wò ló pèsè ẹ̀rí, aṣáájú ẹ̀sìn sì bá ìjọba gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó fọkàn tán an. Iṣẹ́ méjèèjì kò jọra rárá.

Gbogbo ohun tí a ti sọ yìí ní alátakò, àwọn alátakò náà kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Àwọn kan sọ pé níbi tí ẹlẹ́sìn kan bá ti pọ̀ jù, tí wọ́n sì dìbò fún ohun tí wọ́n fẹ́, ìjọba tiwa-n-tiwa ló ní kí wọ́n rí i gbà. Ohun tí gómìnà Zamfara, Ahmad Sani, sọ nìyẹn nígbà tó kéde Ṣàríà ní oṣù kẹwàá ọdún 1999, tí àwọn ìpínlẹ̀ 11 mìíràn sì tẹ̀ lé e. Inú ọ̀pọ̀ tálákà dùn sí i lóòótọ́, nítorí ilé ẹjọ́ ìjọba ń falẹ̀, olówó sì ń rà á. Ìyẹn jẹ́ ìdí tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò, ó sì yẹ kí ìjọba gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di òfin ọ̀daràn, àwọn tí kò dìbò fún un wà lábẹ́ rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rògbòdìyàn Kàdúná ní oṣù kejì ọdún 2000 sì gba ẹ̀mí púpọ̀. Bí ènìyàn bá pọ̀, wọ́n lè yan gómìnà. Pípọ̀ wọn kò fún wọn ní ẹ̀rí ọkàn ẹlòmíràn. Ẹ sì wo bí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjì tí wọ́n dájọ́ ikú fún lórí àgbèrè ṣe parí, ọ̀kan ní Sókótó lọ́dún 2002, ìkejì ní Kàtsínà lọ́dún 2003. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà fúnra rẹ̀ ló dá wọn sílẹ̀. Ti Sókótó, wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n fẹ̀sùn rẹ̀ kàn án ṣẹlẹ̀ kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ti Kàtsínà, wọ́n rí i pé ìgbẹ́jọ́ náà kò tọ́. Nínú ẹ̀sìn pàápàá, àlàyé tí ọlọ́gbọ́n méjì lè jókòó jiyàn lé lórí ló gba ẹ̀mí là.

Àtakò tó jinlẹ̀ jù ni ti ẹni tó ní onígbàgbọ́ kò lè bọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó bọ́ ọ. Ohun tí a ń béèrè ni pé bó bá wọlé tán, kó sọ ìdí tí ẹni tó jókòó tì í lè gbọ́. Lọ́dún 2015, Sultan Sókótó, Kádínà John Onaiyekan àti Bíṣọ́ọ̀bù Matthew Kukah wà nínú ìgbìmọ̀ àlàáfíà tí Abdulsalami Abubakar ṣáájú, tó mú kí Jonathan àti Buhari fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní jẹ́ kí ìdìbò di ogun. Ẹ̀sìn wọn ló rán wọn níṣẹ́, ṣùgbọ́n àlàáfíà tí wọ́n ń wá yé ẹni tí kò mọ Kùránì tàbí Bíbélì. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ híjáàbù. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ híjáàbù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba l'Ékòó. Adájọ́ márùn-ún gbà, méjì kò gbà. Ẹ̀tọ́ tí òfin fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n gbé e kà, ìyẹn ni ọmọ Kìrìsìtẹ́nì àti ọmọ oníṣẹ̀ṣe náà fi lè gbára lé ìdájọ́ yẹn lọ́la. Ní Ọ̀ṣun lọ́dún 2016, lẹ́yìn irú ìdájọ́ kan náà, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn yọ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìwó tí ìjọ Kìrìsìtẹ́nì dá sílẹ̀ kí ìjọba tó gbà á. Àwọn ọmọ kan dé pẹ̀lú híjáàbù lórí aṣọ ilé ìwé. Àwọn mìíràn wọ aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ funfun balẹ̀, wọ́n sì jọ tò sórí pápá àárọ̀. Òfin ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jókòó bá àwọn òbí sọ ìdí òfin náà ní èdè tó yé wọn. Nínú ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ìyá ti lè jẹ́ ìyá ìjọ tí àbúrò rẹ̀ sì jẹ́ alájì, àìsọ yẹn kò ní àwíjàre.

Ọ̀rọ̀ owó la ó fi kádìí ẹ̀rí wa. Lọ́dún 1958, ìjọba Ìwọ̀-oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀ dá àjọ ìtọ́jú alálàájì sílẹ̀, ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Dídáàbò bo ọmọ ìlú tó ń rìnrìn àjò lọ sí òkèèrè kí oníjìbìtì má jẹ ẹ́ run jẹ́ iṣẹ́ ìjọba, ẹlẹ́sìn yòówù kó jẹ́. Lọ́dún 2024, nígbà tí náírà já wálẹ̀, ìjọba àpapọ̀ fi 90 bílíọ̀nù náírà kún owó ọkọ̀ àwọn alálàájì. Èyí yàtọ̀ sí ti 1958. Owó ìlú ló san apá kan iṣẹ́ ìsìn tí ẹ̀sìn náà fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá lágbára rẹ̀ nìkan ni ó di dandan fún, àgbẹ̀ oníṣẹ̀ṣe tí kò ní rí kọ́bọ̀ níbẹ̀ sì wà lára àwọn tó ni owó náà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí bí ó bá jẹ́ Jerúsálẹ́mù ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó fún àwọn oníṣẹ̀ṣe ní ìsinmi ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ, ìdí tó ṣeé yẹ̀ wò wà ńlẹ̀: ẹlẹ́sìn méjì ti ní ọjọ́ tiwọn lórí kàlẹ́ńdà látọdún gbọ́nhan, ẹlẹ́sìn kẹta kò ní.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kúrò ní orí yìí, kó mú ìpinnu kan tí ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ ṣe láàárín ọdún méjì sẹ́yìn, tí ẹ̀sìn sì wọ inú rẹ̀. Kó kọ ìdí tí ìjọba sọ ní gbangba sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó fagi lé gbogbo ìdí tó jẹ́ pé ọmọ ẹ̀sìn kan ṣoṣo ló lè gbà á gbọ́, kó sì wo ohun tó kù. Bí kò bá sí ohunkóhun tó kù, kó kọ̀wé sí aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò rẹ̀, kó béèrè ìdí náà lọ́wọ́ rẹ̀.